Àwòrán Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Gbé Bọ̀ Láti Ìlú Òyìnbó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ní Ìlọrin wa yìí, ìrìn-àjò nítorí ìmọ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láti ayé àwọn ilé kéú títí di òní, ọmọ ń lọ, ọmọ ń bọ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni pé: kí ni ẹni tí ó lọ gbé bọ̀ fún àwọn tí kò lọ? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọkùnrin kan tí ó fi àwòrán dáhùn.

Àìná Ọnàbólú ni orúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí i sí ní ọdún 1882. Kò ní olùkọ́ nínú àwòrán yíyà. Àwọn àwòrán inú ìwé Òyìnbó ni ó ń wò yà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ iṣẹ́. Nígbà tí ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó, kò jáwọ́. Ní ọdún 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tí a ṣì ń dárúkọ títí di òní. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ Òyìnbó gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iyì gbogbo wa ni ó wà lórí bébà yẹn.

Ní ọdún 1920, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di akẹ́kọ̀ọ́ ní St. John's Wood School of Art. Ó kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ní ìlú Paris pẹ̀lú. Ọdún náà gan-an ni ó ya àwòrán Dókítà Ṣàpárà, ẹni tí òun náà ti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó kí ó tó padà wá tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Ní ọdún 1922, Ọnàbólú padà dé Èkó. Kò fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ ara ògiri kí ó sì jókòó tì í. Ó ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan dé èkejì, ó ń fi han àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí ọ̀nà títọ́ ṣe ń fún bí ó ti ń lọ, àti bí a ṣe ń da ọ̀dà pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lókè òkun di ohun tí ọwọ́ ọmọ Èkó lè ṣe.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ ẹnìkan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn. Ní ọdún 1927, Kenneth Murray dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n èrò àwọn méjèèjì kò papọ̀. Ọnàbólú fẹ́ kí ọmọ dúdú mọ ọgbọ́n Òyìnbó láìkù síbì kan. Murray ní kí wọ́n wo iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po: ọmọ ilẹ̀ ń pè wá sí ìlú Òyìnbó, Òyìnbó ń pè wá padà sílé.

Murray kan náà ni ìjọba yàn ní ọdún 1943 láti máa bójú tó àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní ọdún 1945, a dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní Èṣìẹ́, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta wà, nínú ìpínlẹ̀ Kwara tí Ìlọrin jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ lónìí.

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹni tí kò mọ ère Èṣìẹ́ kò mọ ibi tí ó ti ń lọ. Ẹni tí kò sì kúrò nílé rí kò mọ bí ère náà ti níyì tó. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin tí ẹ ń kàwé ní Íjíbítì, ní Lọ́ńdọ̀nù àti níbi gbogbo, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ ya ilé tí ẹ ń gbé, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ, àti òjò dídì tí ẹ rí. Àbúrò yín tí kò tíì lè ka lẹ́tà yóò ka àwòrán.

Ọnàbólú ṣe aláìsí ní ọdún 1963. Àwòrán yíyà ti di ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé wa. Ohun tí ó gbé bọ̀ nìyẹn.