Ọwọ́ Ara Ẹni: Ìtọ́jú Jíìpù Tó Ti Rìn Jìnnà

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ohun tó bá jẹ́ tẹni, ẹni náà ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án kó tó wojú ará àdúgbò. Jíìpù tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá wí, nítorí òun ló kún ojú ọ̀nà wa ní Adó-Èkìtì, láti Básírì dé Ajílọ́sun: Highlander, RAV4, Lexus RX 330, Honda Pilot. Púpọ̀ nínú wọn ló ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sìn ní Amẹ́ríkà tàbí Kánádà kó tó kàn wá.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á a kọ́kọ́ béèrè pé, "Màìlì mélòó ló ti rìn?" Ìbéèrè tó dára ni, àmọ́ kò tó. Ohun méjì ló ń gbó mọ́tò, ìrìn àti ọjọ́ orí, wọn kì í sì í jẹ ibì kan náà. Ìrìn ló ń jẹ bíréèkì, táyà àti púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ orí ló ń jẹ rọ́bà: páìpù omi, búṣìn, béẹ́lìtì. Jíìpù tó jókòó sí gáráàjì fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè má tíì rìn púpọ̀, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti sán. Èyí tó ti sáré 150,000 màìlì lójú ọ̀nà tó tẹ́jú sì lè ní ẹ́ńjìnnì tó mọ́ ju ti èyí tó kàn ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé nítòsí. Ìrìn kúkúrú ń ba ọ́ìlì jẹ́. Epo tí kò jó tán àti ọ̀rinrin a wọ inú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì ní gbóná pẹ́ tó láti lé wọn jáde. Nítorí náà, ẹni tí kì í kọjá Adébáyọ̀ sí Ọjà Ọba kò gbọdọ̀ dúró de iye màìlì kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Oṣù ni kó máa kà, kó má sì jẹ́ kó ju mẹ́fà lọ.

Ẹ wo Lexus RX 330. Rọ́bà eléyín ni béẹ́lìtì táímìn rẹ̀, 90,000 màìlì sì ni wọ́n ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. RX 350 tó tẹ̀ lé e ní 2007, ṣéènì onírin ló ń lò. Àwọn ènìyàn a máa pa méjèèjì pọ̀. Bí RX 330 bá ka 70,000 tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì pààrọ̀ béẹ́lìtì náà láti ọdún 2005, ọdún ti dá a lẹ́jọ́ kí màìlì tó dá a. Nínú àwọn Pilot ìgbà náà, tí àwọn náà ń lo béẹ́lìtì, bí béẹ́lìtì bá já, fálífù àti písítìn á kọlu ara wọn. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ni kí ẹ gbé iṣẹ́ yẹn fún, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mọ ìgbà tó tó.

Àṣìṣe mìíràn wà nínú ìṣirò. Mẹkáníìkì a ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà, ẹni tó ni mọ́tò a sì ka 5,000 lójú míítà rẹ̀. Màìlì ni míítà mọ́tò Amẹ́ríkà ń kà! 5,000 màìlì ju 8,000 kìlómítà lọ.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, kí a yọ tẹ́mọ́sítáàtì dànù, kí a sì bu omi lásán sí rédíétọ̀. N kò fara mọ́ ọn. Tẹ́mọ́sítáàtì ló ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá sí, kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, yóò sì máa da epo sí i. Omi lásán ń mú irin dípẹtà. Kúláǹtì ń dènà ìpẹtà, kì í sì í tètè hó bíi omi. Ẹni tó bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè pẹ̀lú ẹrù nílò rẹ̀ ju ẹni tó wà ní Kánádà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ́ìlì bíréèkì náà ń fa ọ̀rinrin mọ́ra bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè hó nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè yẹn kan náà, bíréèkì a sì rọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò wá ní kí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, fílítà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn eruku ọyẹ́, wíwo kúláǹtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọwọ́ yín ká ìwọ̀nyí. Ẹ kàn má ṣe wọ abẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáàkì nìkan. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ fi ìwé kékeré kan sínú mọ́tò yín. Ohunkóhun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti iye màìlì sí i, kí ẹ sì fi ìwé náà lé ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín lọ́wọ́.