Òjò, Ìfúnpọ̀ àti Ìlera Ọ̀pọ̀lọ́ ní Ojú Ẹlẹ́gbà

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán ti ṣọ́ ẹ̀dá náà dáadáa, nítorí awọ rẹ̀ tí kò ní ìpẹ́ ni ó fi ń fa omi sára, òun náà ni ó tún fi ń mí pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí oòrùn ọ̀sán gangan fi lè gbẹ ẹ́ pa.

Ní Ojú Ẹlẹ́gbà ní Èkó, níbi tí kọnkéré ti bo ilẹ̀ láti abẹ́ bíríìjì dé ẹnu ọ̀nà ilé, gọ́tà àti kòtò ojú ọ̀nà ni ó kù fún ọ̀pọ̀lọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sclerophrys regularis. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, akọ a máa ké pe abo, abo a sì yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin tí ó so kọ́ra bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ sínú omi náà. Ẹyin wọ̀nyí kò ní èèpo. Bí ọ̀dá bá dá, wọ́n gbẹ, bí ọ̀wààrà oṣù kẹfà, oṣù tí òjò Èkó pọ̀ jù, bá sì dé, àgbàrá a gbá wọn lọ.

Ṣùgbọ́n èrò mi ni pé a kò gbọ́dọ̀ ya ọ̀ràn òjò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ràn ìfúnpọ̀. Bí omi kòtò bá ṣe ń fà, bẹ́ẹ̀ ni àyè ń há mọ́ légbénlègbé tí ẹyin náà pa sínú rẹ̀, bí ẹyọ kan kò tilẹ̀ kún wọn. Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Henry Wilbur, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn ní 1977, lára ọ̀pọ̀lọ́ ilẹ̀ tirẹ̀, pé níbi tí légbénlègbé bá ti fún jù, wọn kì í tètè dàgbà, ọ̀pọ̀ a kú, èyí tí ó bá sì rí ilẹ̀ gùn a kéré lára. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá kéré jáde nínú omi ni ọ̀dá ń tètè pa.

Àkèré ńlá tí à ń jẹ, Hoplobatrachus occipitalis, mọ ewu yìí. Àwọn onímọ̀ Spieler àti Linsenmair kọ ọ́ ní 1997, láti Comoé ní Ivory Coast, pé ó máa ń yẹra fún yíyé ẹyin sínú kòtò tí légbénlègbé irú rẹ̀ bá ti wà, nítorí pé wọ́n a máa jẹ ara wọn. Ọgbọ́n ńlá ni; ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí kòtò kan ṣoṣo wà ládùúgbò rẹ̀ kò rí ibi yà sí.

Ọ̀ràn àrùn tún wà níbẹ̀. Irú olú kan tí ojú lásán kò lè rí, Batrachochytrium dendrobatidis, tí wọ́n fún ní orúkọ ní 1999, ń ba awọ àkèré jẹ́ káàkiri ayé, ooru líle àti ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì bá a lára mu. Ìwádìí tí Penner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 kò rí i rárá ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ ọ̀dàn gbígbẹ tí ó la Benin àti Togo kọjá dé òkun. Wọ́n rò pé ọ̀dàn náà ni ó dínà fún un. Nàìjíríà kò ní irú ààbò yẹn, nítorí pé wọ́n ti ròyìn àrùn náà níbí láti 2009, Èkó sì wà ní ìlà-oòrùn ọ̀dàn náà. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọkà, tí kò jìnnà sí wa, máa wọn omi gọ́tà, kí wọ́n máa ka légbénlègbé inú rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ awọ ọ̀pọ̀lọ́ wò, láti òjò àkọ́rọ̀ títí òjò yóò fi dá.