Ìwé Ìṣirò Àwọn Ẹ̀dá Inú Igbó



Kò sí ìjọ kan nínú wa tí kò ní ìwé mẹ́ta ní ìpamọ́: ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, àti ìwé ìsìnkú. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bí ìjọ kan ti ń pọ̀ sí i tàbí bí ó ti ń dín kù láti ìgbà àwọn baba wa wá, a kì í bi àgbà léèrè nìkan. Ìwé li a ń ṣí. Àgbà a máa rántí ọdún tí ilé Ọlọ́run kún dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í rántí iye ènìyàn tí ó jókòó nínú rẹ̀.

Ta ni ń kọ ìwé ìrìbọmi fún ehoro? Ta ni ń kọ ìwé ìsìnkú fún ẹyẹ ojú ọ̀run, tàbí fún koríko ìgbẹ́? Gbogbo ọdẹ ni yóò sọ fún yín pé ẹran pọ̀ nínú igbó nígbà èwe òun ju ti ìsinsìnyí lọ. Nígbà púpọ̀ òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé mélòó ni ó wà nígbà náà, àti mélòó ni ó kù, ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀ nìyẹn. Ìtàn àwọn tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, àti ohun tí ìwé wọn fi hàn, èyí tí ojú ẹnìkan ṣoṣo kò lè rí bí ó ti wù kí ó pẹ́ láyé tó.

Inú mi dùn láti sọ pé àlùfáà ìjọ Áńgílíkà wà nínú àwọn àkọ́kọ́. Gilbert White li orúkọ rẹ̀. A bí i ní Selborne, ìletò kan ní Hampshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, li ọdún 1720. Ibẹ̀ náà ni ó sì kú sí li ọdún 1793. Kò di bíṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ àlùfáà ni ó ń ṣe, ó sì ń kọ ohun tí ó rí nínú ọgbà àti lórí òkè sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ li a kó jọ di ìwé tí a tẹ̀ li ọdún 1789, tí a kò sì dẹ́kun títẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Ẹyẹ kan wà ní ìletò náà tí ó jọ alápàáńdẹ̀dẹ̀, tí í máa wá síbẹ̀ nígbà ooru wọn tí í sì máa padà sí Áfíríkà nígbà òtútù. White kà wọ́n. Tọkọtaya mẹ́jọ ni ó rí. Li ọdún kejì ó tún kà wọ́n, mẹ́jọ náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń rí li ọdọọdún. Ó sì mọ̀ pé tọkọtaya kọ̀ọ̀kan a máa yé ẹyin méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ewu kò bá ṣe ọmọ wọn, ẹyẹ mẹ́rìndínlógún ni ó wá, méjìlélọ́gbọ̀n ni ó lọ, mẹ́rìndínlógún ni yóò sì padà wá. Níbo li àwọn ìyókù ń wọlé sí? White béèrè ìbéèrè yìí gan-an nínú ìwé rẹ̀, kò sì rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣe pé ó kà wọ́n, ìbéèrè náà ìbá má tilẹ̀ wá sí i li ọkàn, nítorí ẹni tí kò kà wọ́n yóò wulẹ̀ sọ pé ẹyẹ náà ń bẹ níbẹ̀ bí ó ti ń wà tẹ́lẹ̀.

Àlùfáà Áńgílíkà mìíràn, Thomas Malthus, tẹ ìwé kan jáde li ọdún 1798 nípa bíbísíi ọmọ ènìyàn, pé bí kò bá sí ìdíwọ́, iye ènìyàn a máa di ìlọ́po méjì, a tún di ìlọ́po méjì, tí oúnjẹ kò sì lè bá a dọ́gba. Charles Darwin ka ìwé náà li ọdún 1838, ó sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú igbó. Ó mú erin, ẹranko tí ó kà sí èyí tí ìbísí rẹ̀ lọ́ra jùlọ nínú gbogbo èyí tí a mọ̀, ó sì ṣírò pé bí gbogbo ọmọ tọkọtaya erin kan bá yè, nígbà tí yóò bá fi tó nǹkan bí 750 ọdún, àtọmọdọ́mọ wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mọ́kàndínlógún. Ayé kò kún fún erin. Nǹkan kan ni ń dí wọn lọ́wọ́. Kí sì ni nǹkan náà, àti pé ṣé ọwọ́ kan náà ni ó fi ń dí wọn lọ́wọ́ li ọdọọdún?

Kò sí ẹni tí ó lè dá ìyẹn lóhùn láìní ìwé tí ó ti pẹ́. Ọmọdé lè ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, àkísà ni ọrọ̀. Ọ̀rẹ́ White kan tí wọ́n máa ń kọ̀wé sí ara wọn, Robert Marsham ti Norfolk, bẹ̀rẹ̀ li ọdún 1736 láti máa kọ ọjọ́ tí igi kọ̀ọ̀kan rúwé àti ọjọ́ tí ọ̀pọ̀lọ́ kọ́kọ́ ké. Nígbà tí ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá a lọ, àti ọmọ ọmọ wọn, títí di ọdún 1958. Igba ọdún ó lé méjìlélógún, ìdílé kan ṣoṣo!

Láti inú ìwé àwọn wọ̀nyí ẹ jẹ́ kí a lọ sí ti oníṣòwò, nítorí èyí tí ó wúlò jùlọ nínú gbogbo wọn, oníṣòwò ni ó kọ ọ́ láìmọ ohun tí ó ń ṣe. Li ọdún 1670 Ọba Charles Kejì fún ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Hudson's Bay Company ní ìwé àṣẹ láti máa ra awọ ẹranko ní ìhà àríwá ilẹ̀ tí ó di Kánádà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà a dẹ pańpẹ́ nínú yìnyín, wọn a kó awọ wá sí àgọ́ ẹgbẹ́ náà, akọ̀wé a kà á, a sì kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olówó rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Èrè ni wọ́n ń wá, wọn kò wá ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í fẹ́ kí kọ́bọ̀ kan sọnù, nítorí náà wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún igba ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó mọ iyì ìwé wọnnì ni Charles Elton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí li ọdún 1900. Nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Oxford li ọdún 1921, ó bá àwọn kan lọ sí erékùṣù Spitsbergen, níbi tí igi kì í hù. Li ọdún 1923, nígbà tí ó ń ti ìrìn àjò kejì bọ̀, ó rí ìwé kan rà ní Tromsø ní ilẹ̀ Nọ́wè, tí ó sọ nípa eku kékeré kan tí à ń pè ní lemming, bí ó ti í bo ilẹ̀ li ọdún kan tí a kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i li ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò li ọkàn rẹ̀. Láti ọdún 1925 ó di olùgbaninímọ̀ràn fún Hudson's Bay Company, ìwé wọn sì ṣí sílẹ̀ fún un. Li ọdún 1932 ó dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ li Oxford fún kìkì ẹ̀kọ́ nípa iye àwọn ẹranko. Li ọdún 1942 òun àti obìnrin kan tí ń bá a ṣiṣẹ́, Mary Nicholson, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nípa ẹranko kan tí à ń pè ní lynx. Ìdílé ológbò ni lynx, ó tóbi ju ológbò ilé lọ dáadáa, ìrun gígùn sì dúró ṣánṣán ní ṣóńṣó etí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ iye awọ lynx tí ó ti ẹkùn odò Mackenzie wá. Li ọdún 1821, 269. Li ọdún 1828, 5,943. Li ọdún 1832, 98 péré. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níbẹ̀ li ọdún náà yóò ké pé ẹranko náà parun tán. Ṣùgbọ́n li ọdún 1838 ó tún di 3,409, li ọdún 1842 ó sì di 45. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. A mọ ọ̀pọ̀ àti ìyàn ti ìgbà Jósẹ́fù ní Íjíbítì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ìyẹn ṣẹlẹ̀. Èyí ń yí bí àgbá kẹ̀kẹ́.

Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò sọ pé awọ tí a tà kì í ṣe ẹranko tí ó wà láàyè. Bóyá owó awọ li ó wọ́n, tàbí àìsàn li ó mú àwọn ọdẹ. Ọ̀rọ̀ náà tọ́, kò sì yẹ kí a gbé ìwé ìṣirò ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n owó ọjà kì í lọ sókè sódò ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá láìyẹsẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ehoro ilẹ̀ náà, tí í ṣe oúnjẹ lynx, ń lọ sókè ó sì ń bọ̀ nílẹ̀ bákan náà, lynx sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ìgbà tí òjìji ń tẹ̀lé ènìyàn.

Ṣé lynx ni ó ń jẹ ehoro tán, tàbí ehoro ni ó ń jẹ koríko àti ewé tán? Àwọn ọ̀mọ̀wé jà lórí èyí pẹ́. Láàrin ọdún 1986 àti 1996, Charles Krebs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dá a wò nínú igbó nítòsí adágún Kluane ní Yukon. Wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti lóòró. Nínú òmíràn wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ehoro. Òmíràn ni wọ́n fi wáyà iná mànàmáná yí ká, kí ẹranko apẹran má bàa wọlé. Òmíràn ni wọ́n ṣe méjèèjì fún. Àwọn kan sì wà tí wọn kò fọwọ́ kàn. Níbi tí apẹran kò lè wọ̀, ehoro di ìlọ́po méjì. Níbi tí oúnjẹ gbé pọ̀, ó di ìlọ́po mẹ́ta. Níbi tí a gbé ṣe méjèèjì, bí ohun méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, à bá retí ìlọ́po mẹ́fà. Ìlọ́po mọ́kànlá ni wọ́n rí. Ebi àti ọ̀tá jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni: ẹni tí ebi ń pa yóò jáde wá oúnjẹ níbi tí ọ̀tá yóò ti rí i.

Ti ewéko kò yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lọ́ra. Ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pápá koríko kan wà tí a ti ń fi oríṣìíríṣìí ajílẹ̀ sí láti ọdún 1856, láti mọ èyí tí yóò mú koríko pọ̀ fún ẹran ọ̀sìn. Koríko pọ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a gbé fi àwọn ajílẹ̀ kan sí jù, irú ewéko méjì tàbí mẹ́ta péré li ó kù, nígbà tí ibi tí a kò fi nǹkan kan sí ṣì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú.

Wàyí o, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá ní ìwé. Ní Amẹ́ríkà ẹyẹ kan wà tí ó jọ àdàbà, tí ń fò ní ọ̀wọ́ tí í bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1810, Alexander Wilson ṣírò ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ní Kentucky, ó sì rí i pé ó ju bílíọ̀nù méjì lọ. Ta ni yóò bẹ̀rù fún irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀? Wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú irin kó wọn lọ sí ọjà àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì ń gé igbó wọn lulẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n li ọdọọdún. Li ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1914, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn kú nínú ọgbà ẹranko ní Cincinnati. Martha ni wọ́n ń pè é.

Kí ó tó kú, àṣà kan wà li ọjọ́ Kérésìmesì níbẹ̀: àwọn ọkùnrin a pín sí ẹgbẹ́ méjì, wọn a lọ sí ìgbẹ́, ẹgbẹ́ tí ó bá pa ẹyẹ àti ẹran jù li ó borí. Li ọdún 1900 Frank Chapman dá a lámọ̀ràn pé kí a máa ka ẹyẹ li ọjọ́ náà dípò pípa á. Ènìyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ó jáde ní Kérésìmesì náà, ní ibi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A kò tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró láti ìgbà náà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sì ń jáde nísinsìnyí. Li ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé kó ìṣirò yìí pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n rí i pé láti ọdún 1970 wá, ẹyẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ta ti dín kúrò ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, èyí tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹyẹ tí a ń rí lójoojúmọ́ li ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó dín, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún. Ojú ti mọ́ra pẹ̀lú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ pé wọ́n ń lọ.

Ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ẹyẹ kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo ayé: Malimbus ibadanensis. Ìbátan ẹ̀gà ni. Dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, igbó ni ó sì ń gbé. Kò sí níbòmíràn láyé bí kò ṣe ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. John Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, li ọdún 1958, èyí tí í ṣe ọdún gan-an tí ìdílé Marsham pa ìwé tiwọn dé. A kò lè sọ iye tí ó wà nígbà tí igbó wa ṣì jẹ́ igbó, nítorí kò sí ẹni tí ó kà á. Ó ṣì wà ní Ìbàdàn nínú igbó tí ó wà ní ọgbà IITA, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ li ọdún 1967, àti ní àwọn ìyókù igbó díẹ̀ mìíràn. A sì kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà nínú ewu píparun.

Láti ọdún 2015 iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí a fi pín gbogbo ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹyẹ, ì báà ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ì báà ṣe àgbẹ̀, lè mú ọ̀kan nínú wọn, kí ó rìn nínú rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí tàbí tí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.