Ta ló ń ṣírò omi wa?

1/ Ẹ̀yin ará Atosin, ẹ̀yin ará Ìdànrè, ìbéèrè kan: òjò ń rọ̀ gan-an níbí. Kí ló wá ń mú kí kànga gbẹ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé?

2/ Àpáta ló wà nísàlẹ̀ wa. Kì í mu omi bí iyanrìn, ibi tó bá sán nìkan ló ń gba omi sí. Èyí tó kù ń ṣàn lọ. Èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó ṣẹ́kù: ìṣírò omi nìyẹn. Bí owó àjọ ni.

3/ Ìjà lórí rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1908, ìjọba òyìnbó fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, kí ará ìlú sì sanwó. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá People's Union sílẹ̀ láti ta kò ó.

4/ Ohun tí ará Èkó ń sọ ni pé: àwa ní kànga, òyìnbó ló máa gbádùn ẹ̀ jù. Kí ló dé tí àwa máa sanwó?

5/ Wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ omi Ìjù ní 1915. Ní 1916, ọ̀rọ̀ owó omi tún dá wàhálà sílẹ̀. Omi ò lọ́tàá lóòótọ́, àmọ́ owó omi ní!

6/ Ọ́dítì omi ò ju èyí lọ: lítà mélòó ló kúrò lódò? Mélòó ló dé ẹnu ẹ̀rọ? Ta ló gbà á, ta ló sanwó?

7/ Tí wọ́n bá wá ṣí borehole ládùúgbò yín, kí wọ́n tó gé ríbọ́ọ̀nù, ẹ ní kí wọ́n mú ìṣírò wá.