Kánò: Èbúté Òfurufú Létí Aṣálẹ̀

Àwọn Lárúbáwá ní orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ gbọọrọ tó wà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Sahel ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni etí òkun. Lójú tiwọn, òkun iyanrìn ni aṣálẹ̀, ràkúnmí ni ọkọ̀ tó ń là á já, àwọn ìlú tó wà létí rẹ̀ sì ni èbúté. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn èbúté náà ni Kánò. Láti ọjà Kúrmí, tí Ọba Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n ti ń di awọ ewúrẹ́ pupa sẹ́yìn ràkúnmí. Bí awọ náà bá dé Yúróòpù, wọ́n á máa pè é ní awọ Mòrókò, nítorí pé ọ̀nà ibẹ̀ ló gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn láti Èkó dé Kánò. Obì Agége àti Ṣàgámù ń bá a gòkè, ẹ̀pà ń bá a sọ̀kalẹ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá tó bá rélùwéè lọ tẹ̀dó sí Sabon Gari lẹ́yìn odi ìlú, àpò ẹ̀pà sì ń ga sókè bí òkè ńlá ní etí ìlú. Ìlú tí ràkúnmí àti ọkọ̀ ojú irin ti ń pàdé ni bàálù wá bá. Pápákọ̀ òfurufú tó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà ló jáde láti ibẹ̀, ibi tí ìlú náà jókòó sí ló sì ṣàlàyé bó ṣe di ńlá àti bí ògo rẹ̀ ṣe dínkù.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú 1925 ni bàálù kọ́kọ́ dé Kánò. Bàálù DH9A mẹ́ta ni, ti ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Arthur Coningham ló ṣáájú wọn, ọmọ ogun tó di ọ̀gá ńlá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n gbéra láti ẹ̀bá Kairo, wọ́n gba Khartoum, wọ́n la Sudan já, wọ́n gba Maiduguri wọlé. Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ ogun tó wà ní Íjíbítì lè tètè dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láì gba ojú omi. Igi àti aṣọ ni wọ́n fi kan bàálù wọ̀nyẹn, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ń fà á, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní òrùlé lórí. Pápákọ̀ òfurufú kankan kò tíì sí ní Nàìjíríà tó máa gbà wọ́n. Àmọ́ ilẹ̀ Kánò tẹ́jú, ó le, kò sì ní igbó dídí bíi ti etíkun. Ìyẹn tó bàálù ìgbà náà.

Kò sí iná, kò sí rédíò, kò sí àwòrán ilẹ̀ tó péye fún ẹni tó bá fẹ́ fò láàárín Kánò àti Èkó. Awakọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní Bud Carpenter, tó ní bàálù kékeré tirẹ̀, dá ọgbọ́n sí i ní nǹkan bí ọdún 1930. Ojú irin ló ń tẹ̀ lé. Bí ìkùukùu bá bo ilẹ̀, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi rí irin náà kedere, á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ibi tó ń lọ.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1936 ni iṣẹ́ èrò àti lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ Imperial Airways ti ní ọ̀nà òfurufú láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba Íjíbítì lọ sí gúúsù Áfíríkà. Wọ́n wá ya ẹ̀ka kan láti Khartoum wá sí Kánò, wọ́n sì fà á dé Èkó kí ọdún náà tó parí. Lẹ́tà tó ń lò tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi kó tó dé Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì náà ń lo pápá Kánò láti ọdún yẹn.

Ogun ló sọ pápá náà di ìkóríta ayé. Ní oṣù Òkúdù 1940, Faransé ṣubú sọ́wọ́ Jámánì, Ítálì náà sì wọ ogun. Òkun Mẹditaréníà di ọ̀nà ewu fún ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n nílò bàálù kíákíá ní Íjíbítì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú bàálù palẹ̀, wọ́n ń kó o sínú àpótí ńláńlá, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Takoradi ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó pọ̀, tí awakọ̀ á sì gbé e sókè: Takoradi sí Èkó, Èkó sí Kánò, Kánò sí Maiduguri, Maiduguri sí El Geneina, ó di Khartoum, ó di Kairo.

Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra ní Takoradi ní ọjọ́ 20 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 1940. Bàálù Hurricane mẹ́fà ni, bàálù Blenheim kan ló sì ń mú wọn lọ́nà. Hurricane jẹ́ bàálù ogun kékeré tí ẹnì kan ṣoṣo ń wà; epo rẹ̀ kò lè gbé e jìnnà, ẹni tó ń wà á kò sì lè máa wo àwòrán ilẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé bàálù ńlá kan bí ọmọ adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ìyá, tí wọ́n sì ń bà ní ìlú dé ìlú láti rọ epo. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n dé Íjíbítì. Láti ọdún 1941, ilé-iṣẹ́ Pan American láti Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà yìí. Kí ogun tó yí padà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ti gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá, pápá Kánò sì ti ní ọ̀nà ìbalẹ̀, ilé epo, ilé ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ rédíò tí ìlú bíi tirẹ̀ kì bá tí rí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí ogun fi sílẹ̀ ni àlàáfíà jogún. Ní ọdún 1946, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ West African Airways Corporation sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní apá ibí. Ní 1947, KLM láti ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ sí í bà ní Kánò. BOAC ti Gẹ̀ẹ́sì ń bà níbẹ̀, Sabena ti Belgium ń bà níbẹ̀, Air France náà kò gbẹ́yìn. Bàálù ìgbà náà kò lè ti Yúróòpù fò dé Èkó tàbí Gúúsù Áfíríkà láì rọ epo. Bí wọ́n bá ti la aṣálẹ̀ já, Kánò ni wọ́n ń wá, gẹ́gẹ́ bí ràkúnmí ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Àwọn èrò á sọ̀kalẹ̀ láàárín òru tàbí ní ìdájí, wọ́n á nasẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún wọlé. Àwọn fọ́tò ọdún 1950 síwájú ṣì ń fi ọkùnrin kan hàn tó gun ràkúnmí nínú pápá náà, tó ń fọn fèrè gígùn kí àlejò káàbọ̀. Fún ọ̀pọ̀ òyìnbó, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n fojú rí.

Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ṣe àbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1956, Kánò ló ti wọ bàálù padà sílé ní oṣù Èrèlé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 24 oṣù Òkúdù, àjálù dé. Bàálù Argonaut ti BOAC gbéra lọ sí London bí ìjì òjò ṣe ń ṣú. Atẹ́gùn tó ń kọjú sí i yí padà lójijì, ó di èyí tó ń tì í lẹ́yìn, agbára tó gbé e dúró lófurufú sì dínkù. Ó já lulẹ̀ nítòsí pápá. Nínú ènìyàn 45 tó wà nínú rẹ̀, 32 kú. Irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ kò tíì yé àwọn awakọ̀ dáadáa nígbà náà. Lónìí, ọ̀kan ni lára ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn.

Ẹ̀jẹ̀ tún ta sí pápá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà 1966, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ya wọ ibẹ̀ tí wọ́n sì pa àwọn èrò tó jẹ́ ọmọ Igbo, àwọn tó ń sá padà sílé nítorí ìpakúpa tó gba ilẹ̀ Òkè Ọya kan. Nígbà tí Ogun Abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Kánò ni Ìjọba Àpapọ̀ ti gba bàálù ogun MiG-17 tí Soviet fi ránṣẹ́. Títí di òní, àwọn ọmọ ogun òfurufú ṣì ní ibùdó níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wọ ara àwọn ènìyàn jù lọ ni ti Hájì. Kí bàálù tó dé, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Mẹ́kà láti ilẹ̀ Hausa á fi ẹsẹ̀ tàbí ràkúnmí la Bornu, Chad àti Sudan já. Oṣù púpọ̀ ni ìrìn náà ń gbà, nígbà mìíràn ọdún. Ọ̀pọ̀ ń dúró ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Àwọn mìíràn tẹ̀dó sí Sudan, wọn kò sì padà mọ́. Bàálù sọ ìrìn àjò yìí di wákàtí. Èrò ń pọ̀ sí i débi pé ní 1958, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó àwọn Mùsùlùmí tirẹ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ mímọ́.

Ayọ̀ ìpadàbọ̀ láti Hájì ló mú kí àjálù ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973 dunni dọ́kàn. Bàálù Boeing 707 ti ilẹ̀ Jọ́dánì, tí Nigeria Airways háyà, ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jẹ́dà. Èkó ni ó ń lọ, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ Èkó kò dára, ó bá yà sí Kánò. Atẹ́gùn líle ń fẹ́ níbẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ bàálù ṣẹ́ bó ṣe balẹ̀, ó yí bìrí, ó gbiná. Ènìyàn 176 kú nínú 202. Kò tíì sí ìjàm̀bá bàálù tó pa tó bẹ́ẹ̀ níbikíbi láyé títí di ọjọ́ náà, ní Nàìjíríà kò sì tíì sí èyí tó jù ú lọ.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, owó epo rọ̀bì sọ ìrìn Hájì di ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́dọọdún. Nígbà tó yá, Ìlọrin, Sókótó, Maiduguri àti àwọn ìlú mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé alálàájì fúnra wọn. Kánò kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 síwájú, ilé-iṣẹ́ Kabo Air dìde ní ìlú náà, ó sì di ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò jìnnà sẹ́nu nígbà Hájì. Lẹ́yìn rẹ̀, Azman Air náà jáde láti Kánò.

Àǹfààní kan ti ń bọ́ lọ́wọ́ pápá náà láàárín àkókò yìí. Bàálù ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì lè ti London tàbí Amsterdam fò dé Èkó láì dúró níbì kankan. Kò sí ìdí tí wọ́n á fi bà ní Kánò fún epo mọ́. Àfi kí èrò ti Kánò fúnra rẹ̀ pọ̀ tó. Ní 1979, pápákọ̀ tuntun ńlá ṣí ní Ìkẹjà. Orúkọ Murtala Muhammed ni wọ́n fi sọ ọ́, ọmọ bíbí Kánò, nítorí náà orúkọ ọmọ Kánò ni pápákọ̀ tó gba ipò Kánò ń jẹ́. Pápákọ̀ Kánò ní tirẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Mallam Aminu Kano, olóṣèlú àwọn tálákà, tó kú ní 1983. Àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. KLM ló pẹ́ jù níbẹ̀. Ní 2012, lẹ́yìn ọdún 65, òun náà dágbére.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Èbìbí 2002, bàálù BAC 1-11 ti EAS Airlines gbéra láti Kánò lọ sí Èkó, ó sì já lu àwọn ilé ní àdúgbò Gwammaja. Èrò inú bàálù àti onílé tó wà nínú ilé rẹ̀ jọ kú, wọ́n ju 140 lọ. Ishaya Mark Aku, mínísítà eré ìdárayá, wà lára wọn.

Síbẹ̀ pápá náà kò kú. Ethiopian, EgyptAir àti àwọn ilé-iṣẹ́ Saudi Arébíà ń wá, nítorí pé ojú ọ̀nà òwò àti ẹ̀sìn Kánò ti máa ń kọjú sí ìlà oòrùn láti àtètèkọ́ṣe. Ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù gùn tó mítà 3,300, bàálù ńlá sì lè bà síbẹ̀ láì ní ìṣòro, àyàfi nígbà ọyẹ́, tí eruku Sàhárà á bo gbogbo ojú òfurufú. Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn, Èkó àti Àbújá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí padà fún bàálù òkèèrè, ní 2020. Ní 2021 ni ó tó kan Kánò.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ìwé tí àwọn awakọ̀ òfurufú gbogbo àgbáyé ń lò, gbogbo òfurufú Nàìjíríà, láti Sókótó títí dé orí òkun níwájú Èkó, ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: Kano. Bàálù tó gbéra ní London, tó ń lọ tààrà sí Èkó, á la aṣálẹ̀ já lókè Niger. Bó bá ti dé ẹnu ààlà, awakọ̀ rẹ̀ á gbé rédíò, á pe Kano, á sì dúró de ìdáhùn kó tó wọlé.