Iná Culham Kú, Ó Fi Àkọsílẹ̀ Rọ́pò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Síbẹ̀, iná kan wà tí kì í ní eérú. Ní Culham, abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ogójì ọdún ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Yúróòpù fi ń dá irú iná yìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá a, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ JET, kọ́kọ́ tanná ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹfà, ọdún 1983. Ó tan èyí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2023. Ìtanná kọ̀ọ̀kan kì í ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ó bá ti kú, kò sí ẹ̀yinná, kò sí èéfín. Ohun tí àwọn ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá bá kọ sílẹ̀ nìkan ló kù.

Ohun tí wọ́n ń wá ni irú agbára tó ń mú oòrùn ràn. Wọn a mú oríṣi háídírójìn méjì, wọn a mú wọn gbóná kọjá ìwọ̀n mílíọ̀nù 100, títí kókó inú átọ́ọ̀mù wọn yóò fi so pọ̀, tí agbára yóò sì tú jáde. Kò sí ìkòkò tó lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìyọ́, nítorí náà agbára òòfà ni wọ́n fi ń gbé e ró nínú ẹ̀rọ tó rí bí òrùka. Ta ni yóò wá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó? Àmì ni wọ́n ń kà: ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde, neutron tó ń fò síta, òòfà tó ń yí padà.

Ẹni tó bá sì ń ka àmì lè ṣì í kà. Ní Harwell, tí òun náà wà ní agbègbè Oxford, wọ́n kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958 pé ẹ̀rọ àwọn kan tó ń jẹ́ ZETA ti ṣe bí oòrùn. Sir John Cockcroft, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, sọ fún àwọn oníròyìn pé ó dá òun lójú dé ìwọ̀n 90 nínú 100. Oṣù Karùn-ún ọdún náà kò tí ì parí tí wọ́n fi kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Neutron jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ló mú un jáde. Ẹ̀rọ kò purọ́. Àwọn tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kánjú.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, ó kan àwọn ará Soviet. Lev Artsimovich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀rọ tokamak àwọn gbóná ju ti gbogbo ayé lọ. Àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn kò gbà wọ́n gbọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí ló wá ṣẹlẹ̀: ní ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lẹ̀ àárín Amẹ́ríkà àti Soviet ṣì le koko, àwọn ará Soviet ní kí àwọn àlejò wá fi ojú ara wọn wò ó. Àwọn ọmọ Culham di ẹrù, wọ́n gbé ẹ̀rọ laser wọn lọ sí Moscow, wọ́n wọn ìgbóná náà fúnra wọn, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Èyí ni tokamak fi gba gbogbo ayé kan. JET gan-an, tokamak ni.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ JET ni wọ́n ti mọ̀ pé akọ̀wé rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ènìyàn. Ètò tó ń darí rẹ̀, tó sì ń kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ, ni wọ́n pè ní CODAS, orí àwọn kọ̀ǹpútà Norsk Data tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Norway ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin ìtanná kan sí èkejì, bí ìdajì wákàtí ni wọ́n máa ń ní láti ka ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó pinnu ohun tó kàn. Oríṣi ìwé méjì ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ gẹ́lẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Èkejì ni ìtumọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn fún un. Ẹni tó bá rí àṣìṣe lè tún ìtumọ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Wọn a fún tuntun ní nọ́ńbà tirẹ̀, méjèèjì a sì wà. Ìbá wù mí kí àwa tí a ń ṣe àdàkọ ewì alohùn máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Norsk Data kógbá sílé, JET kò kú tẹ̀lé e. Ní àwọn ọdún 1990 wọ́n ṣí lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, wọ́n sì kó ẹrù àtijọ́ dání. Kásẹ́ẹ̀tì ìjálá tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà nínú àpótí mi, ṣùgbọ́n n kò ní ẹ̀rọ tó lè gbé ohùn àwọn ọdẹ náà jáde mọ́.

Nọ́ńbà ni orúkọ ìtanná kọ̀ọ̀kan. 42976 ni ti ọdún 1997, tó mú agbára mẹ́gáwáàtì 16 wá nígbà tí mẹ́gáwáàtì 24 ń wọlé láti mú un gbóná. 104522 ni ti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, tó mú mẹ́gájúùlù 69 wá. Èyí tó kẹ́yìn ni 105842. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú wá ju ohun tó jẹ lọ, àwọn kan sì ti tìtorí rẹ̀ pè é ní ìnákúnàá. N kò bá wọn sọ ọ́. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Princeton kọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ ìgbà tí irú iná yìí bá fẹ́ já mọ́ òòfà lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ JET wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Èyí tí ẹ̀rọ náà kọ nígbà tí ògiri inú rẹ̀ jẹ́ kábọ̀nù ni wọ́n fi sọ àsọtẹ́lẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ògiri náà.

Wọ́n ti ń tú JET palẹ̀ báyìí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ òṣùwọ̀n tó ń ṣe ségesège ní ọjọ́ kan pàtó ní 1991, tí wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀, ti ń fẹ̀yìn tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́ tí wọn kò tí ì bí ní 1997 lè pe 42976 lónìí, kí ó sì jẹ́ ẹ. Ìbéèrè tí yóò bi í lẹ́yìn ìyẹn ni ó nílò àgbàlagbà kan nítòsí.