Ọjọ́ Orí àti Ìgbanisíṣẹ́ ní Agbègbè Pápá Àjàó

Pápá Àjàó wà ní Múṣin, kò sì jìnnà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ Ìlúpéjú àti Ìsọlọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wo ọjọ́ orí òṣìṣẹ́ ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀. Ní ìsọ̀ mẹkáníìkì, àgbà ni ọ̀gá, kò sì sí oníbàárà tí ń béèrè ìwé ìbí rẹ̀. Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ìwé wá iṣẹ́, ó ṣòro kí ẹni tí ó ti lé ní 40 ọdún rí ààyè, bí ó tilẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Ó jọ pé inú ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba ni àṣà yìí ti wá. Lábẹ́ Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti ọdún 1979, bí ọdún iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni owó náà ń pọ̀ sí i, títí dé ọdún 35. Àpò ìjọba ni owó ọ̀hún ti ń jáde, nítorí náà ìjọba ní ìdí tí ó fi ń ka ọdún ẹni tí ó fẹ́ gbà. Síbẹ̀, Òfin Iṣẹ́ Ìjọba ti ọdún 2008 fi àyè sílẹ̀ fún ẹni ọdún 18 títí dé 50. Nínú ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni gbèdéke náà ti di 30, tàbí 26 pàápàá. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé láti ìgbà tí òfin tuntun ti jáde ní ọdún 2004, inú àkáǹtì òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni òun àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ń fi owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ sí. Ìdí àkọ́kọ́ ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n gbèdéke kò kúrò.

Ìbẹ̀rù ọjọ́ orí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, nígbà ìjọba Murtala Muhammed, ó lé ní 10,000 òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lé kúrò. Ọjọ́ ogbó wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni a bí láìsí àkọsílẹ̀, tí ó jẹ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 tàbí ogun Hitler ni àwọn òbí fi ń mọ ọdún ìbí wọn. Ìbúra ní kóòtù ni ó wá di ìwé ìbí. Báyìí ni ènìyàn kan ṣe ń ní ọjọ́ orí ilé àti ọjọ́ orí ìwé. Àwọn tí ń pe èyí ní èké kò ṣìnà, àmọ́ wọn kì í sábà béèrè ohun tí ó lé onítọ̀hún débẹ̀.

Ìsọ̀rí 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ka ẹ̀yà, ibi tí a ti ṣẹ̀, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Kò dárúkọ ọjọ́ orí. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tí ó ti pé 40 ọdún láti ọdún 1967. Ní Nàìjíríà, òfin fi kún ọdún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì dé 70 ní ọdún 2012, ó sì fi kún ti àwọn olùkọ́ dé 65 ní ọdún 2022. Àwọn tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà fún. Kò kan ẹni ọdún 45 tí ilé-iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ti kógbá sílé, tí ó tún ń wá iṣẹ́ mìíràn.